Ìwé Afárá Ìṣàpá àti Bútà Kejì

Ọjọ́ Ajé, 6 Ọ̀wàrà

Kí ojú ọjọ́ tó là dáadáa ni Màmá onílé mi máa ń jí. Ojú fèrèsé yàrá mi ni mo ti ń wò ó láti ìgbà tí mo ti dé Ìlaròó. Yóò kọ́kọ́ gbé bútà méjì jáde, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ọ̀kan pupa. Yóò ti ìka bọ ẹnu wọn wò bóyá aláǹtakùn ti ta okùn síbẹ̀ mọ́jú. Yóò bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù, yóò dà á sí aláwọ̀ ewé títí yóò fi kún, yóò sì da díẹ̀ nù kí ó má baà máa dà sí i lẹ́sẹ̀. Èyí ni ó fi ń ṣe àlùwàlá. Kì í da nǹkan kan nù nínú pupa. Ọwọ́ méjèèjì ni ó fi ń gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n máa ń tì pa, yóò rọra gbé e kalẹ̀, yóò yí ẹnu rẹ̀ sí apá ọ̀tún, bí ẹni pé ẹni tí yóò gbé e ti ń na ọwọ́ bọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò da omi náà sí ìdí ata. Ata yẹn ń so bí ohun tí wọ́n gégùn-ún fún pé kó má sinmi.

N kò tíì bi í léèrè. Ohun kan ṣoṣo tí mo tíì béèrè nínú ilé yìí ni ibi tí a ń da ìdọ̀tí sí.

Kóńgò gàrì ti di ẹgbẹ̀rún kan àti igba náírà. Òjò ká mi mọ́ ẹnu géètì Poli tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ìwé mi méjì tutù.

Ọjọ́bọ̀, 9 Ọ̀wàrà

Àǹtí Hussainat ká mi mọ́ ibi tí mo ti ń wo bútà pupa. Télọ̀ ni, òun ni àbígbẹ̀yìn Màmá, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ.

“Ará Èkìtì, o ti ń ṣọ́ bútà wa láti ọjọ́ yìí. Ṣé o fẹ́ jí i ni?”

Mo ní, “Rárá o, mà.” Ẹ̀rín pa á. Ó jókòó sórí àpótí, ó sì sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń ka ohun tó ti há sórí.

Yàrá Bùrọ̀dá Abdulrauf ni yàrá títì yẹn. Òun ni àkọ́bí Màmá. Ó ń wa bọ́ọ̀sì láti Ìlaròó lọ sí Ìdógò. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, nínú irú òjò báyìí, afárá Odò Ìṣàpá já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀. Èèyàn mẹ́rin kú. Ìlú ní ìrẹsì fàyàwọ́ láti ẹnubodè ló kó kún ọkọ̀, pé ẹrù ìrẹsì ló já afárá. Wọ́n sọ òkúta lu òrùlé ilé yìí. Àwọn tó ti ń ra epo pupa lọ́wọ́ Màmá láti ìgbà ọmọge wọn gba ìsọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Wọ́n jókòó, wọ́n bi Màmá pàápàá ní ìbéèrè, wọ́n kọ ìwé, wọ́n kó ìwé lọ. Àjọ Ọ̀nà Ìgbèríko gbé ìwé náà sínú àpótí irin wọn, kò sì sẹ́ni tó tún gbúròó rẹ̀. Bí ọlọ́pàá ti tú Bùrọ̀dá Abdulrauf sílẹ̀, ó sọdá ẹnubodè lọ sí Pobẹ̀, ó ń fi ọ̀kadà gbé èrò níbẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ Ìlaròó mọ́ títí wọn yóò fi ka ìwé yẹn sétí ayé.

“Màmá Abdulrauf ni gbogbo ìlú ń pè é tẹ́lẹ̀,” ni Àǹtí Hussainat wí. “Láti ọjọ́ afárá, èmi ni wọ́n ń fi pè é. Màmá Hussainat. Bí ẹni pé èmi ni wọ́n kọ́kọ́ bí.”

“Ṣé ìrẹsì wà nínú ọkọ̀ náà, mà?”

“Màmá ti fi Kùránì búra fún gbogbo àdúgbò pé hóró kan ò sí níbẹ̀.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, mà?”

Ó dìde, ó gbọn ìdọ̀tí aṣọ kúrò ní itan. “Èmi? Aṣọ ni mò ń rán.”

Ìṣẹ́gun, 14 Ọ̀wàrà

Rédíò ló sọ ọ́. Ìgbìmọ̀ kan láti Ilé Aṣòfin ń bọ̀ wá jókòó ní gbọ̀ngàn ìlú nítorí ìwé ìwádìí afárá Ìṣàpá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti kọ̀wé sí Àjọ náà pé kí wọ́n mú un wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Àjọ ti fèsì pé àṣírí ìjọba ni.

Màmá ń gún ata lọ́wọ́. Ọmọ odó dúró sókè, kò sọ̀kalẹ̀ mọ́.

Ó ní kí n tún ohun tí rédíò wí sọ. Mo tún un sọ. Ó ní, “Nígbà tí ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ wá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Mo kàn ń mi orí bí alángbá. N ò mọ èyí tí mo gbà, n ò mọ èyí tí mo kọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wàá bá mi lọ. Etí mi ni wàá máa sọ ọ́ sí.”

Mo fẹ́ sọ pé mo ní kíláàsì, mo sì ní in lóòótọ́. “Ẹ ṣé, mà” ló jáde lẹ́nu mi.

Àbámẹ́ta, 18 Ọ̀wàrà

Òjò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò sí iná. Ìyá mi pè láti Òkèmèsí, mo ní mo ti ní ọ̀rẹ́. N kò sọ fún un pé bútà ni.

Ọjọ́rú, 22 Ọ̀wàrà

N kò tíì rí irú rẹ̀ rí.

Aṣòfin márùn-ún jókòó sẹ́yìn tábìlì tí wọ́n da aṣọ funfun bò. Alága wọn ni Ọnọ́rébù Málọmọ́ Ìbítóyè, obìnrin kékeré kan tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo gbọ̀ngàn fi ní láti panu mọ́ kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Iwájú wọn ni wọ́n gbé àga kan sí fún Ọ̀gá Àgbà Àjọ, wọ́n lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Àga náà ṣófo. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ló mú lẹ́tà wá pé ibà dá ọ̀gá dúbúlẹ̀.

Alága ka lẹ́tà náà, ó ká a, ó fi gíláàsì omi rẹ̀ lé e lórí. Ó ní ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ẹ̀bẹ̀ ti tán. Ìwé àṣẹ ni wọn yóò fi pè é báyìí. Sọ̀pínà ni wọ́n ń pè é. Ó béèrè àwọn tó fara mọ́ ọn. Gbogbo ọwọ́ gòkè.

“Kí ló wí?” ni Màmá bi mí.

“Ó ní ó di dandan kí ọ̀gá wá fúnra rẹ̀, kó sì mú ìwé náà dání. Tó bá kọ̀, pọ́lísì ni yóò lọ mú un wá.”

“Ọ̀gá Àgbà? Ẹni tí mọ́tò mẹ́ta ń tẹ̀ lé?”

“Òun ni, mà.”

“Obìnrin bíńtín yìí?”

“Òun ni, mà.”

Màmá wo tábìlì náà títí. Èmi náà wò ó. Àṣé ìwé pélébé kan lè gbé ẹni tó ga tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀. Mo ti kà nípa òfin ní ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n n kò tíì wà níbi tí ó ti ń mí rí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Bí ìjókòó ti parí, Màmá gun ọ̀kadà lọ sílé, ó sì padà dé kí àwọn aṣòfin tó jẹun tán. Ó di àkùkọ pupa rẹ̀ mọ́ àyà, èyí tó ń jí wa láràárọ̀, ó gbé e fún dírẹ́bà alága. “A kì í jẹ́ kí àlejò tó báni gbé ẹrù wúwo lọ lọ́wọ́ òfìfo,” ó ní. Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín, ó sì gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Ọkùnrin kan tó fara ti igi ń fi fóònù ya gbogbo rẹ̀.

Àìkú, 26 Ọ̀wàrà

Àwòrán náà ti dé orí fóònù gbogbo ayé. Wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ìyá awakọ̀ ìrẹsì ń ra aṣòfin.”

“Màmá, ta ló ní kí ẹ gbé e lọ?” ni Àǹtí Hussainat ń pariwo. “Wọn yóò fi àkùkọ yẹn da ẹjọ́ náà nù!”

“Àkùkọ kan ṣoṣo? Ṣé àkùkọ ló lè ra aṣòfin ni?”

“Wọ́n ti ra àwọn kan ní owó tí kò tó bẹ́ẹ̀!”

Màmá kò jẹun. Ṣùgbọ́n ó pọn omi sí bútà méjèèjì.

Ọjọ́ Ajé, 3 Bélú

Mo kùnà nínú ìdánwò kékeré. Owó ọkọ̀ láti ilé dé Poli ti fi ọgọ́rùn-ún náírà lé. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn.

Ọjọ́rú, 5 Bélú

Àga tún ṣófo. Lọ́yà ni Ọ̀gá Àgbà rán wá, ọkùnrin gíga kan tí bàtà rẹ̀ ń dán bíi dígí. Kò tilẹ̀ dárúkọ ìwé. Ó na àwòrán sókè: Màmá, àkùkọ, mọ́tò alága. Ó ní ìyá ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ti fún alága ní rìbá, nítorí náà ìwé àṣẹ tí alága bu ọwọ́ lù kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Mo fẹ́ fo ọ̀rọ̀ rìbá nígbà tí mò ń sọ ọ́ sí Màmá létí, ṣùgbọ́n ó ti rí i lójú mi. Ọwọ́ rẹ̀ tutù lórí ọwọ́ mi.

Mo rò pé alága yóò bínú. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Ó yẹ kí a gbọ́ èyí. Ọ̀rọ̀ mi ni, n kò sì lè jókòó lórí ọ̀rọ̀ ara mi.” Ó dìde lórí àga ńlá náà, ó fi í sílẹ̀ fún igbákejì rẹ̀, ó sì rìn gba àárín èrò wá sẹ́yìn. Àyè kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù wà lórí bẹ́ǹṣì wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òórùn káfúrà ń jáde lára aṣọ rẹ̀. Ìtìjú mú mi, mo dá ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ sí Màmá létí dúró.

Kò yí ojú sí mi. Ó kàn ní, “Máa sọ ọ́ fún wọn lọ. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́.”

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ dìde. Ó kà á pé ní ọjọ́ náà gan-an, bí ọkọ̀ ti dé Abẹ́òkúta tí wọ́n bá àkùkọ lẹ́yìn rẹ̀, alága ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n máa bọ́ ọ, kí wọ́n sì dá a padà níṣojú gbogbo ènìyàn. Ó mi orí sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ kan wọlé. Àkùkọ náà yọ orí, ó wo àwọn aṣòfin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ.

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ wò ó bó ṣe sanra,” ni Àǹtí Hussainat wí lẹ́yìn mi. “Oúnjẹ ìjọba!”

Wọ́n pe Màmá síwájú kó wá gba nǹkan rẹ̀, kó sì tẹ̀ka. Ó kúnlẹ̀. “Ẹ foríjì mí. N ò mọ̀ pé òfin kì í jẹ adìyẹ.”

“Màlúù ló ń jẹ!” ni ẹnì kan ké láti ojú fèrèsé. Ó pẹ́ kí igbákejì tó rí ariwo náà pa.

Wọ́n wá dìbò bóyá alága lè padà sórí àga. Kò wo ojú wọn. Ilẹ̀ ló ń wò bí ẹni ń dúró de èsì ìdánwò. Ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gòkè. Ó rìn padà, ó jókòó, ó wọ awò rẹ̀. “Lọ́yà, ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé tí àga yìí bá tún ṣófo ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, ọlọ́pàá ni n ó rán.”

Títí di òní, ohun tí alágbára fi ń na aláìlágbára ni mo mọ̀ sí òfin. N kò mọ̀ pé ó lè ní kí ọlọ́lá dìde lórí àga rẹ̀, kó wá jókòó ti èmi, nítorí adìyẹ kan.

Ọjọ́rú, 12 Bélú



Ọ̀gá Àgbà wá. Mo ti rò pé yóò ga. Ọkùnrin àárín ni, ó ti ń hu ewú, ó di àpò ìwé kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Ó ní, “Ọnọ́rébù, tí a bá ka ìwé yìí, ìlú yóò dàrú.”

“Ìlú ti dàrú láti ọdún méjì, sà. Ẹ gbé e wá.”

Ó dúró. Gbogbo wa dúró pẹ̀lú rẹ̀. Ó wá rìn lọ sí ibi tábìlì, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé náà kalẹ̀. Gbọ̀ngàn dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbọ́ bí wọ́n ṣe fa ẹnu àpò náà ya. Òjò kò rọ̀, afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Ọdún méjì wà nínú ìró kékeré yẹn.

Alága bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní Gẹ̀ẹ́sì. Èrò ẹ̀yìn kígbe pé àwọn ò gbọ́, pé kí wọ́n sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó gbé ojú sókè. “Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ yẹn tó máa ń sọ ọ́ fún ìyá yìí. Ẹ gbé máíkì fún un. Kó má dìde tí kò bá fẹ́.” Ó ní kí akọ̀wé ka ìwé náà ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kó máa dúró dè mí.

N kò dìde. Màmá gba máíkì, ó gbé e sí mi lẹ́nu bí ẹni ń fún ọmọ ní omi mu. Mo kọjú sí etí rẹ̀, mo sọ ọ́ fún òun nìkan. Máíkì ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kù.

Mo sọ pé ìpẹtà ti jẹ irin afárá náà kí ọdún yẹn tó dé. Mo sọ pé àwọn ẹnjiníà Àjọ fúnra wọn ti kọ̀wé pé kí wọ́n tì í pa. Mo sọ pé kò sẹ́ni tó fi igi kan dí ojú ọ̀nà. Ariwo sọ. Ọ̀gá Àgbà ń wo bàtà rẹ̀.

Akọ̀wé ka gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Mo gbọ́ ọ, ẹnu mi sì kọ̀.

“Kí ló dé?” ni Màmá wí.

“Màmá…”

“Sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo wá gbọ́, kì í ṣe ìdajì.”

Mo sọ ọ́. Àpò ìrẹsì méjì wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Kò wúwo tó ohun tí ó lè já afárá, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Màmá di ojú. “Mo fi Kùránì búra,” ó ní, jẹ́ẹ́jẹ́. Máíkì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Akọ̀wé dúró fún un, ó sì ń kà lọ. Àwọn tó yè sọ fún ìgbìmọ̀ pé ojú fèrèsé ni awakọ̀ gbà jáde. Wọ́n ní ó padà sínú odò, ó gbé ẹnì kan jáde, ó tún padà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, títí ó fi gbé èèyàn mẹ́fà jáde láàyè. Ẹni keje tó gbé jáde ti kú, ó sì jókòó tì í ní etí odò, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, títí àwọn ọlọ́pàá fi dé wá mú un. N kò mọ bí mo ṣe sọ èyí tán. Ohùn mi ni mò ń gbọ́ láti ara ògiri, bí ohùn ẹlòmíràn.

“Kò sọ fún mi,” ni Màmá wí. “Ọmọ mi ò sọ fún mi.”

Bàbá Morádéyọ̀ dìde ní ìlà iwájú. Ìyàwó wọn wà lára àwọn mẹ́rin tó kú. Àǹtí Hussainat ti fi wọ́n hàn mí rí lójú ọjà, ó ní òkúta wọn ló kọ́kọ́ ba òrùlé wa. Wọ́n yíjú sẹ́yìn. Wọ́n ṣí fìlà.

“Ọwọ́ ta ló dì mú? Ẹni tó jókòó tì yẹn, ọkùnrin ni àbí obìnrin?”

Akọ̀wé yẹ ìwé wò. Obìnrin ni. Ó wọ ìró aláwọ̀ aró.

Bàbá Morádéyọ̀ mi orí lẹ́ẹ̀mejì. “Màmá Abdulrauf,” wọ́n ní. “Màmá Abdulrauf, ẹ kú ìrójú.”

Gbogbo obìnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì wa ló yíjú wo Màmá. N kò mọ̀ pé orúkọ lè wúwo tó bẹ́ẹ̀, kí ó sì tún gbé ènìyàn dìde. Màmá dìde, ó kúnlẹ̀ fún Bàbá láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn lọ́hùn-ún, máíkì lọ́wọ́.

Ẹtì, 14 Bélú

Ọyẹ́ ti fẹ́ kan ẹnu ọ̀nà; ètè mi gbẹ. Obìnrin mẹ́ta ló wá ra epo láàárọ̀, wọn ò sì ná an.

Ààfáà ní Màmá kò jẹ̀bi, pé ohun tó gbà gbọ́ ló búra lé. Màmá ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n òun yóò gbààwẹ̀ síbẹ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ lánàá.

Ní ọ̀sán ni Bùrọ̀dá Abdulrauf pè láti Pobẹ̀. Màmá gba fóònù, kò kí i, kò bi í nípa odò. “Àpò ìrẹsì méjì yẹn,” ó ní, “ṣé o jẹ nínú rẹ̀?” Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, tí ẹ̀rín náà sì já sí nǹkan míì. Màmá jẹ́ kó sunkún tó. Lẹ́yìn náà ó ní, “Máa bọ̀ nílé.”

Ọ̀la ni yóò dé. Ó ní ẹsẹ̀ ni òun yóò fi kọjá lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sí Odò Ìṣàpá. Màmá àti Àǹtí Hussainat yóò gba ọkọ̀ àkọ́kọ́ lọ dúró dè é ní bèbè odò. Àkùkọ pupa ń rìn fàájì lẹ́yìnkùlé. Àǹtí Hussainat ń wò ó, ó ní òun mọ ẹni tí òfin ò ní lè gbà sílẹ̀ lọ́la.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ bútà. Wọn yóò ti kúrò nílé kí ojú ọjọ́ tó là. Lọ́la n ó jí nígbà tí wọ́n bá jáde, n ó ti ìka bọ ẹnu pupa náà wò, n ó pọn omi sí i, n kò ní da nǹkan kan nù, n ó sì yí ẹnu rẹ̀ sí apá ọ̀tún.